Rùkáyà, fi òdòdó yẹn sílẹ̀ jàre

Rùkáyà ọ̀rẹ́ mi,

O kú òtútù ọ̀hún o. Mọ́mì ẹ ńkọ́, ṣé ara wọn ti mókun? Ilé wa wà dáadáa, iná nìkan ni ò jẹ́ ká gbádùn. Mo ti gbọ́ fóìsì nóòtù ẹ tó gùn bíi wáàsí yẹn tán, èyí tó o ti ní wọ́n ní kó o mú àkòrí fúnra ẹ fún iṣẹ́ Art, Craft and Design yín ní England, o wá ní òdòdó lo fẹ́ ṣe. Òdòdó kẹ̀! Ṣé o ò rí i pé ìdajì kíláàsì yín ló máa ya òdòdó ni?

O ní máàkì 60 nínú 100 ló wà lórí ohun tó o bá fúnra ẹ yàn, 40 tó kù ni ti ìbéèrè tí wọ́n máa fún yín, tẹ́ ẹ máa fi wákàtí 15 parí iṣẹ́ ẹ̀ lójú tíṣà. Ta ló fún àwa níbí nírú àyè yẹn? Visual Art ti WAEC, objective wà, essay wà, práátíkà wà. Ní tiyín, sketchbook gan-an wà lára ohun tí wọ́n ń máàkì, èyí tó o yà tó bàjẹ́ àti ìdí tó o fi yí i padà, gbogbo ẹ̀ ló ní máàkì. Tó o bá wá mú nǹkan tí ò jẹ́ nǹkankan fún ẹ, kí lo fẹ́ máa kọ sínú ẹ̀ látìgbà yìí lọ?

Ìkòkò ni kó o ṣe. Ìkòkò Dada, tí wọ́n ń mọ ní Òkèlele ní Ìlọrin níbí. Mo tẹ̀lé àǹtí mi lọ síbẹ̀ láìpẹ́, wọ́n ń ná ọjà, èmi jókòó ti màmá kan tó ń mọ ìkòkò. Wọ́n da ìkòkò àtijọ́ kan dé, wọ́n ku eérú sí i lára kí amọ̀ má bàa lẹ̀ mọ́ ọn, wọ́n tẹ́ amọ̀ pẹlẹbẹ lé e, wọ́n wá ń gbá a pẹ́ẹ́pẹ́ẹ́pẹ́ títí tó fi gba ìrísí ìdí ìkòkò. Tó bá ti le díẹ̀ wọ́n á bọ́ ọ, wọ́n á máa fi amọ̀ gígùn gígùn kọ́ ọ lọ sókè, àwọn fúnra wọn ló ń rìn yí ìkòkò ká o, ìkòkò ò yí! Wọ́n á fi ṣùkù àgbàdo yí i lọ́rùn, ọnà á hù síbẹ̀ wọ́ọ́wọ́ọ́. Kò sí kíìnì, ààrò ìsunkòkò, kankan, igi àti koríko gbígbẹ ni wọ́n fi ń sun ún ní gbangba, bó bá ṣì gbóná janjan wọ́n á wọ́n omi èèpo irúgbá sí i, ibẹ̀ ló ti ń dúdú tó ń dán. Mo bi wọ́n pé báwo ni wọ́n ṣe ń mọ̀ pé ó ti jiná, wọ́n ní ṣé mo máa ń wo aago kí n tó mọ̀ pé ebi ń pa mí ni. Ẹnu ò gbà á, mo dákẹ́.

Àròkọ ẹgbẹ̀rún ọ̀rọ̀ tó o ní ó ń dẹ́rù bà ẹ́ yẹn náà ti rí ibi gbà. Fi Ladi Kwali sí i, ìyá amọ̀kòkò tó wà lẹ́yìn ogún náírà. Ọwọ́ lásán làwọn náà fi ń mọ ìkòkò nílé wọn kí wọ́n tó dé ibi tí Michael Cardew, amọ̀kòkò òyìnbó kan, ti ń kọ́ àwọn èèyàn ní Àbújá àtijọ́, tí wọ́n ń pè ní Suleja báyìí, ní 1954, ìgbà tó yá wọ́n wá sí England yín yẹn wá fi iṣẹ́ wọn hàn. Victoria and Albert Museum ní Lọ́ńdọ̀nù ní lára ìkòkò wọn, wọkọ̀ lọ, kó o béèrè bóyá wọ́n pàtẹ ẹ̀, kó o yà á níbẹ̀ gan-an, o mọ̀ pé àwọn tíṣà yín fẹ́ràn irú ẹ̀.

Èmi ní tèmi, wàláà, pátákó ìkéwú, ni mò ń ṣe, àwọn tí wọ́n máa ń ya ọnà sí lára fún wólímọ̀, ayẹyẹ ìparí Kùránì yẹn, pupa, yẹ́lò, gíríìnì, onígun mẹ́rin wọ inú onígun mẹ́rin. Bàbá àgbà tó máa ń ní ẹni tó bá ya èèyàn, wọ́n á ní kó fẹ̀mí sí i lọ́jọ́ àjíǹde, ti sọ ara wọn di tíṣà mi báyìí, àná ni wọ́n ní yẹ́lò mi ò tíì pọ́n tó. Mi ò jiyàn, mo fi kún un. Ká sòótọ́, ó dáa sí i.

Sátidé ni wọ́n fẹ́ sun ìkòkò ní Òkèlele, màá padà lọ. Tètè sọ bóyá fọ́tò lo fẹ́ àbí fídíò, kí n mọ iye dátà tí mo máa rà. Búrọ́ọ̀ṣì tí ẹ̀gbọ́n ẹ ń mú bọ̀ náà, sọ fún wọn kó jẹ́ àwọn tẹ́ẹ́rẹ́, àwọn ńlá kún ọjà níbí.

Èmi ni,
Ìdáyátù