Ìkéde fún Gbogbo Ọmọ Ẹgbẹ́: A Ń Lọ Wo Òdòdó Nínú Ilé Gíláàsì

Ẹ kú òtútù o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ní Sátidé tó ń bọ̀, aago mẹ́wàá àárọ̀, a ó pàdé lẹ́nu ọ̀nà ilé gíláàsì tí wọ́n ti ń tọ́jú òdòdó. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má pẹ́.

Mo mọ̀ pé yìnyín ló bo ìta, igi sì ti wọ́wé tán. Ìdí gan-an nìyẹn tí mo fi ní ká lọ báyìí. Ẹ ó rí ọ́kíìdì aláwọ̀ àlùkò, ẹ ó sì rí poinsettia, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò, tó pọ́n fòò. Ẹ sún mọ́ ọn dáadáa. Ohun pupa tí gbogbo wa ń pè ní òdòdó yẹn, ewé ni! Òru gígùn ló ń mú kó pọ́n. Òdòdó rẹ̀ gangan ni àwọn nǹkan róbótó kéékèèké tó wà láàárín, tí wọn ò fi bẹ́ẹ̀ ju orí ìṣáná lọ. Mo dúró tì í pẹ́ lọ́dún tó kọjá kí n tó gbà.

Inú ibẹ̀ móoru, afẹ́fẹ́ rẹ̀ sì ní ọ̀rinrin bí ẹni pé òjò ṣẹ̀ṣẹ̀ dá. Ẹ wọ ẹ̀wù tó ṣeé bọ́. Oru omi á bo kámẹ́rà yín. Ẹ fi í sílẹ̀ nínú báàgì díẹ̀ kó kọ́kọ́ lọ́ wọ́ọ́rọ́.

Ẹ bá mi mú àwọn àgbà wa tí òtútù ti há mọ́lé dání. Ẹni tó bá ń lọ, kó fi orúkọ ránṣẹ́ sí akọ̀wé kí Ọjọ́bọ̀ tó pé.