Gbadé, kó o tó ra tíkẹ́ẹ̀tì

Gbadé ọmọ Ẹlẹ́lùbọ́,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ìbejì ńkọ́? Ẹ̀ ń pariwo òtútù ní Leeds, ẹ ò tíì rí nǹkan kan. Àárọ̀ òní, -24 ni Thunder Bay wà ní Canada níbí, irun imú mi ti dì kí n tó dé ìdí mọ́tò.

Mo rí mẹ́sẹ́ẹ̀jì ẹ, pé o fẹ́ wá bá mi pẹja, ká sì jọ dẹ béárì. Má bínú pé mi ò tètè dáhùn, Kọ́lá ló fà á. O mọ Kọ́lá. Fọ́tò tí mo fi sí gúrúùpù wa, àwa mẹ́fà péré, èyí tí mo ti dúró ti béárì tí bàbá ọmọ Finland ibi iṣẹ́ wa pa, ó gbé e sí státọ́ọ̀sì ẹ̀, ó kọ ọ́ síbẹ̀ pé ọmọ ọdẹ kì í gbàgbé igbó. Ìyàwó Tájù rí i, ó fi han Ìyá Ṣínà lọ́jà, kí ilẹ̀ tó ṣú ó ti dé ọ̀dọ̀ Màámi. Ṣebí Ìgbòho náà ni. Ọ̀sẹ̀ kẹta rèé, tí mo bá ti pè, àbúrò mi ló ń gbé e, á ní wọ́n ń sùn. Aago mẹ́ta ọ̀sán, Màámi ń sùn! Ó dáa.

Ká fìyẹn sílẹ̀ ná. Bísí ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ tuntun, Tólú ti ga jù mí lọ, mọ́tò mi ti kú, mo ti ra òmíì.

Ọ̀rọ̀ ẹja. Sátidé kẹta nínú May ni wọ́n ń ṣí àsìkò pípa ẹja walleye ní agbègbè wa, tó o bá dé ṣáájú ìyẹn wàá kàn máa wo omi ni. Pickerel làwọn ará ibí ń pè é, ẹja kan náà ni. Ojú ẹ̀ ń tàn lálẹ́ bíi ti ológbò, kò fẹ́ràn oòrùn, àfẹ̀mọ́júmọ́ àti ìrọ̀lẹ́ ló ń jẹun, tàbí ọjọ́ tí òjò ṣú tí atẹ́gùn sì ń ru omi díẹ̀díẹ̀. Tó o bá rí omi tó parọ́rọ́ bíi dígí, padà lọ sùn. Tí yìnyín bá ti yọ́ ni wọ́n ń wá yé ẹyin sórí òkúta wẹ́wẹ́ lẹ́nu odò, ìgbà tí wọ́n bá fi máa ṣí i fún wa wọ́n ti yé tán, ebi ti ń pa wọ́n, wọn ò sì tíì jìnnà. Ibẹ̀ la máa bá wọn, ní adágún Lac des Mille Lacs, níbi tí omi ò ti jìn ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá lọ. Má dá nìkan lọ o, àwọn ẹnu odò kan wà tí òfin ṣì tì pa lásìkò yẹn.

Má lọ fowó ṣòfò lórí ìwọ̀. Jíìgì ni wọ́n ń lò, òjé kékeré tí ìwọ̀ wà lára ẹ̀, gíráàmù mẹ́ta àbọ̀ tàbí méje, wàá fi ọmọ ẹja sí i lẹ́nu, jẹ́ kó kan ilẹ̀, gbé e díẹ̀, jẹ́ kó tún balẹ̀. Pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, torí omi tútù, ara ẹja ò yá. Ìwọ tó ń fa okùn bí ẹni ń pọnmi kànga, tó lé gbogbo ẹja odò ẹ̀yìn sùkúù lọ lọ́jọ́ yẹn, mi ò tíì gbàgbé. Kò ní já a gbà bí olè, á kàn dà bíi pé ìwọ̀ kọ́ koríko, ìgbà yẹn gan-an ni kó o gbé ọwọ́. Eyín ẹ̀ mú, ẹ̀gún ẹ̀yìn ẹ̀ náà mú. Mẹ́rin lẹ́nì kan lè mú, ọ̀kan péré nínú ẹ̀ ló lè gùn ju sẹ̀ǹtímítà 46 lọ, tó bá sì jẹ́ láísẹ́ǹsì kékeré lo rà, méjì péré. Làìfù jákẹ́ẹ̀tì ò gbọdọ̀ kúrò lọ́rùn ẹ, òtútù omi yẹn ń pa èèyàn kó tó rì. Ẹran ẹ̀ funfun ju epìyà lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ ẹ̀ ló dùn jù, àwọn ọmọ mi sì mọ̀, tètè nawọ́.

Béárì wá ńkọ́? Ìwọ ò ní yìnbọn o. Àlejò láti ìlú òkèèrè gbọ́dọ̀ gba ọwọ́ àwọn tí ìjọba fún láṣẹ láti mú àlejò dẹ̀gbẹ́, àfi tó bá jẹ́ ẹbí ẹ gan-an lo bá lọ. Mo ní ọmọ ìyá ni wá, wọ́n ní ìyá wo. Nítorí náà wàá jókòó tì mí. Àsìkò ọdẹ béárì ìgbà ìrúwé, May 1 sí June 15 ni. Tó o bá pàdé bàbá ọmọ Finland, má dárúkọ 1999 létí wọn, ọdún yẹn ni ìjọba fagi lé ọdẹ ìgbà ìrúwé, 2014 ni wọ́n tó dá a padà láti fi dánwò, 2021 kó tó fẹsẹ̀ múlẹ̀, tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ ìtàn yẹn ilẹ̀ á mọ́ bá wa.

Ẹ̀gùn la máa gùn, bíi ti Bàbá gẹ́lẹ́, àfi pé irin ni tibí, wọ́n sì máa ń fi bẹ́líìtì so ẹ́ mọ́ igi. Búrẹ́dì tó ti le, óòtù àti òróró tí wọ́n ti fi dín nǹkan la máa kó sínú dírọ́ọ̀mù láti fi tan béárì wá. Imú béárì ju ti ajá lọ, tí atẹ́gùn bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ wa lọ sídìí dírọ́ọ̀mù, ilé yá, má sì wọ́n lọ́fínńdà. Èyí tí ẹ̀yìn ẹ̀ bá ga tó dírọ́ọ̀mù ti tóbi nìyẹn. Wo etí náà, ti ọmọdé máa ń dà bíi pé ó ju orí ẹ̀ lọ, ti àgbà á kéré, á sì jìnnà síra. Abo tó lọ́mọ lẹ́yìn, òfin ò gbà ká pa á, kò gbà ká pa ọmọ ẹ̀, àwọn ọmọ yẹn sì lè wà lórí igi tójú ò tó, torí náà bí ọ̀kan bá yọ, ká dúró, ká tún dúró. Kì í ṣe béárì Èlíṣà tó fa ọmọ 42 ya nìyí o, onítìjú ni, tó bá ti gbúròó wa ó ti lọ. Ẹran ẹ̀, kó jinná dénú, ìwọ̀n 71 Celsius, kòkòrò kan wà níbẹ̀ tí fíríìsà ò lè pa, ìwọ ará súyà, ṣé o gbọ́? Tí adáhunṣe kankan bá sì rán ẹ ní òróòro béárì, sọ fún un pé òfin ò gbà á.

Tọ́ọ̀, aṣọ. Bí a bá ń rìn nínú igbó, jákẹ́ẹ̀tì àti fìlà aláwọ̀ ọsàn la ń wọ̀, ó ń tàn débi pé afọ́jú á fẹ́rẹ̀ẹ́ rí i. Òfin ni. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ wọ̀ ọ́, mo jókòó sínú mọ́tò fún bíi wákàtí kan, mi ò lè sọ̀kalẹ̀. Bàbá ọmọ Finland ní ṣé ẹ̀rù béárì ló ń bà mí. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Gbadé, kò wọ́n o. Aṣọ yẹn ò wọ́n rárá.

O ní ilé lo máa lo Ọdún Àjíǹde. Jọ̀ọ́, yà kí Màámi. Mo ti kọ́kọ́ fẹ́ ní kó o sọ pé ẹja nìkan ni mò ń pa, ṣùgbọ́n wọ́n á mọ̀, o mọ ojú wọn. Ra irú jákẹ́ẹ̀tì yẹn dání, èmi á fowó ẹ̀ ránṣẹ́, gbé e lé wọn lọ́wọ́, kí wọ́n na án wò fúnra wọn, kó o sì ṣàlàyé pé nǹkan tí gbogbo ọdẹ ibí ń wọ̀ nìyẹn. Tí wọ́n bá dákẹ́, ìwọ náà dákẹ́. Tí wọ́n bá sọ̀rọ̀, bi wọ́n bóyá fìlà Bàbá ṣì wà nínú àpótí, bó bá wà, tí wọ́n bá sì fẹ́, bá mi mú un bọ̀. Tí wọ́n bá ní kí n má lọ, ẹja la máa pa, mo ti sọ fún Bísí.

Pè mí tó o bá kúrò níbẹ̀, bó ti wù kí ilẹ̀ ṣú tó níbí.

Èmi ni,
Délé

Bàtà rọ́bà ńkọ́, nọ́ńbà mélòó lò ń wọ̀ báyìí?