Ìyá Oníyán ń kó kúrò ní Kpata

Okun o, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

Ó yẹ kí n kọ́kọ́ kí ẹ dáadáa, kí n béèrè ọkọ àtàwọn ọmọ, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́. Ìyá Oníyán ń kó kúrò ní ọjà Kpata. Ìyá wa o! Ìyá tó máa ń bu ọbẹ̀ kún tìẹ tó sì máa ní kí n má ṣojú kòkòrò, torí pé ọmọ Ìsánlú ni ẹ́, èmi ọmọ Kábà, àfi kí n yáa máa sanwó. Ó ní apá òun ò gbé ọmọ odó mọ́, ọmọ ẹ̀ obìnrin tó wà l'Ábújá sì ti ní kó máa bọ̀ wá bá òun gbọ́mọ. Látọjọ́ Ẹtì tí mo ti gbọ́ mi ò sùn dáadáa, àfi bí ẹni tí wọ́n sọ fún pé wọ́n fẹ́ gbé Odò Ọya kúrò ní Lọ́kọ́ja.

O ní láàárín ọ̀sẹ̀ kan o jẹ oúnjẹ Turkey, o jẹ ti India, o jẹ ti Vietnam, ní Peckham nìkan. Mo gbọ́, ọmọ London. Jẹ́ kí n sọ ti Sátidé tèmi. Ọ̀dọ̀ àwọn ìyá Tápà ẹlẹ́ja ni mo ti bẹ̀rẹ̀, omi ti ń fà báyìí, ẹja ti jáde díẹ̀, mo ná àrọ̀ kan títí ìyá náà fi fi Tápà bú mi (mo rò pé èébú ni, ó ṣáà ń rẹ́rìn-ín), mo bọ́ sọ́dọ̀ ọmọbìnrin Ìgbìrà, mo jẹ apapa, mọ́ín-mọ́ín tiwọn yẹn, méjì gbígbóná lórí ìdúró. Ìyá Ìgalà tó ń ta okpehe ṣì wà níbẹ̀ o, ó ṣì ń bá mi jà pé irú wa ò dùn tó tòun, bẹ́ẹ̀ òórùn tiẹ̀ ti ń kí èèyàn láti ìsọ̀ kẹta. Nígbà tí mo fi kúrò lọ́dọ̀ ìyá Haúsá onímásà, owó tòmátò ti bá másà lọ. Tòmátò ọ̀hún gan-an, ojú wa báyìí ni ọkọ̀ Kano ń gbé e kọjá, síbẹ̀ kò ṣeé fọwọ́ kàn. Látìgbà tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo ní 2023, ohunkóhun tó bá ti gun mọ́tò ló ń fi wá ṣe yẹ̀yẹ́.

Àmọ́ iṣu Ghana tí o ya fọ́tò ẹ̀ yẹn, ṣé ó ṣeé gún ni àbí ẹyin lẹ fi ń jẹ ẹ́? Àti àwọn ọkùnrin Afghanistan tó ń kígbe "ṣàkì, Àǹtí, ṣàkì" tẹ̀ lé yín! Mo rẹ́rìn-ín débi pé inú ro mí.

Ara bàbá mi ti yá, àbúrò mi bí obìnrin, iná ò sí látọjọ́rú.

Ó yá, ká padà sọ́dọ̀ Ìyá. Wọ́n ní ọkùnrin kan ti ń yọ́ wá wo ìsọ̀ náà, pé ó fẹ́ fi ṣe ṣọ́ọ̀bù tẹ́tẹ́. Tẹ́tẹ́! Níbi tí dẹ́rẹ́bà Ìgalà, Alájì Tápà, ṣọ́jà, ọmọ Pólì ti ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì kan náà, tí Ìyá mọ ẹni tó fẹ́ ilá àtẹni tí ò lè gbóòórùn irú láìbéèrè. Alájì kan bi í pé odó ńkọ́, ó ní ẹni tó bá gba ibẹ̀ ló ni odó. Odó yẹn náà o, èyí tí omi 2012 gbé léfòó bí ọkọ̀ ojú omi tá a sáré lé e! Nígbà tí ti 2022 máa fi dé, ó ti fi okùn dè é mọ́gi.

Èmi ló ń wò nígbà tó sọ̀rọ̀ odó yẹn.

Kí n kúkú sọ ọ́. Mo ti fiṣẹ́ ilé ìwé yẹn sílẹ̀, ó ti lé lóṣù kan. Owó oṣù mẹ́ta ni wọ́n jẹ mí. Àràárọ̀ ni mò ń wọṣọ iṣẹ́ jáde nílé, ọkọ mi ò mọ̀. Ibo lo rò pé mò ń lọ? Mò ń bá Ìyá gúnyán. Àtẹ́lẹwọ́ mi ti bó, mo sọ fún ọkọ mi pé ṣọ́ọ̀kì ni, pé ó ń yún mi lọ́wọ́.

Owó ìsọ̀ ọdún kan jẹ́ 350,000 náírà. 200,000 wà lọ́wọ́ mi, owó àjọ ni. Jọ̀ọ́, yá mi ní 150,000 tó kù, mo mọ̀ pé kò tó ọgọ́rùn-ún pọ́n-ùn lọ́dọ̀ yín, mo sì mọ̀ pé pọ́n-ùn kì í so lórí igi. Díẹ̀díẹ̀ ni màá máa dá a padà. Onílé fẹ́ gbọ́ kóṣù tó parí, torí ọkùnrin tẹ́tẹ́ yẹn ò sùn. Tí ọkọ mi bá pè yín nítorí bọ́ọ̀lù, má sọ nǹkan kan. Èmi ni màá sọ fún un, mo kàn ń wá bí màá ṣe sọ ọ́ tí kò ní dárúkọ omi. Omi ló máa kọ́kọ́ sọ. Kì í sì í ṣe pé irọ́ ló máa pa, èmi náà ń wo odò yẹn láràárọ̀ kí n tó gbé ọmọ odó.

Ìyá ní kí n kí ẹ. Ó bi mí pé ṣé wọ́n ń gúnyán níbẹ̀, mo ní ìyẹ̀fun lẹ̀ ń rò lórí gáàsì. Kò dá mi lóhùn, ó kàn mi orí, ó ń fọ odó lọ.

Tètè fèsì, jọ̀ọ́.

Èmi ni,
Ọmọ Kábà tó ń sanwó