Lẹ́tà Sí Ọmọ Mi Ní Àsìkò Ìbò

Ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo gbọ́ ohùn rẹ lórí fóònù lálẹ́ àná, ó sì hàn sí mi pé oorun ò tó ọ. O ní o wà lójúfò títí di aago méjì òru, ò ń wo ohun tí olùdíje kan sọ nípa ẹnìkejì rẹ̀, èsì tí ìyẹn fọ̀, àti èébú tí ogunlọ́gọ̀ àwọn tí o ò mọ̀ rí bu ara wọn lé e lórí. Ìyá rẹ bi ọ́ pé ṣé o ti jẹun. O ò dáhùn, orúkọ olùdíje rẹ ló tún jáde lẹ́nu rẹ. Ìdí nìyí tí mo fi mú bírò.

N kò ní kí o má dá sí òṣèlú o. Ẹni tó bá ní ọ̀rọ̀ ìlú ò kan òun, inú ilé ni ọ̀rọ̀ ìlú á ti wá bá a. Ohun tí mò ń sọ ni pé àsìkò tí ìbò rẹ ń béèrè lọ́wọ́ rẹ ò pọ̀. Jókòó, ka ohun tí àwọn olùdíje ní àwọn fẹ́ ṣe, wo ohun tí wọ́n ti ṣe sẹ́yìn, kí o sì yọjú sí ibùdó ìdìbò lọ́jọ́ tí wọ́n dá. Àríyànjiyàn òru, fídíò tó ń tẹ̀lé fídíò, ìbínú tí ò ń gbé sùn, kò sí èyí tó jẹ́ ojúṣe ọmọ ìlú nínú wọn. Àwọn tó ń rí owó nínú bí o ṣe ń tẹjú mọ́ fóònù ló fẹ́ kí o gbà pé ojúṣe ni. Bí o bá pa á láago mẹ́sàn-án alẹ́, ìbò olùdíje rẹ ò ní fi ẹyọ kan dín.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì sọ fún ọ pé ìbò ẹyọ kan ò já mọ́ nǹkan, má dá a lóhùn. Ní Florida lọ́dún 2000, nínú ìbò tó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó mílíọ̀nù 6, ìbò 537 ni George W. Bush fi ju Al Gore lọ, ibẹ̀ ni ipò ààrẹ Amẹ́ríkà sì já sí. Ṣùgbọ́n ti Virginia lọ́dún 2017 ni kì í kúrò lọ́kàn mi. Àga aṣòfin ìpínlẹ̀ kan ṣoṣo ni wọ́n ń dù. Wọ́n tún ìbò kà, ọ̀rọ̀ dé kóòtù, wọ́n ní ìbò 11,608 géérégé ni olùdíje kọ̀ọ̀kan ní. Nígbà tó di oṣù kìíní ọdún 2018, wọ́n kọ orúkọ àwọn méjèèjì sórí bébà, wọ́n kó o sínú abọ́, wọ́n sì fa ọ̀kan yọ. David Yancey ni wọ́n fà. Ká ní orúkọ Shelly Simonds ni, àga 50-50 ni ẹgbẹ́ méjèèjì ì bá ní nínú ilé aṣòfin náà. Ẹnì kan péré tó jókòó sílé lọ́jọ́ ìdìbò ì bá ti yanjú gbogbo rẹ̀.

Wò ó dáadáa, kì í ṣe ìbò ààrẹ ni ti Virginia yẹn. Irú ìbò tí kò láriwo bẹ́ẹ̀ ni ìbò ẹyọ kan ti máa ń lágbára jù, àwọn tó bá sì wọlé níbẹ̀ ló ń pinnu ọ̀nà tó dé ẹnu ilé rẹ, ilé ìwé àdúgbò, àti ibi tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí lọ. Mo bi ọ́ ní àná pé àwọn wo ló ń díje fún ìgbìmọ̀ ìjọba ìbílẹ̀ yín, o ní o ò tíì wò ó. Jọ̀wọ́, wò ó. Èyí ni mo fẹ́ kí o fi òru kan ṣe, bí o bá fẹ́ fi òru ṣe nǹkan.

Ti ẹ̀gbọ́n rẹ ló dùn mí jù. O kúrò nínú ẹgbẹ́ WhatsApp ìdílé nítorí pé ó kọ̀ láti sọ ẹni tí òun máa dìbò fún. Ọmọ mi, ìyà jẹ àwọn èèyàn kí ìbò tó di ohun ìkọ̀kọ̀. Ní Britain, títí di ọdún 1872, ẹnu ni olùdìbò fi ń pe orúkọ ẹni tó fẹ́ ní gbangba, tí akọ̀wé ń kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹni tó ni ilé tí olùdìbò náà ń gbé ń gbọ́, ọ̀gá tó gbà á síṣẹ́ náà ń gbọ́. Victoria ní Ọsirélíà ti bẹ̀rẹ̀ sí í lo ìbò ìkọ̀kọ̀ láti 1856. Ní Nàìjíríà, nígbà tí wọ́n dìbò gómìnà lọ́dún 1991, ẹ̀yìn àwòrán olùdíje ni àwọn olùdìbò tò sí, tí gbogbo àdúgbò ń wò wọ́n. Àgọ́ kékeré tí èèyàn ń wọ̀ lọ tẹ̀ka yẹn, wọ́n ṣe é kí ọkọ má baà fipá mú aya, kí ọ̀gá má baà fipá mú ọmọ iṣẹ́. Ó bo ẹ̀gbọ́n rẹ náà lọ́wọ́ rẹ. Kò jẹ ọ́ ní àlàyé.

Èyí ò ní kí o pa ẹnu mọ́ sí ìwà ìkà. Bí olùdíje kan bá ní kí wọ́n lé àwọn èèyàn kan kúrò láàárín ìlú nítorí ẹ̀yà tàbí ẹ̀sìn wọn, sọ pé kò dáa, sọ ọ́ kó ye gbogbo ẹni tó wà níbẹ̀. Má tìtorí ẹbí gbé e mì.

Ilé wa pa lọ́lọ́ ní gbogbo àsìkò ooru yìí. Oòrùn ò tètè wọ̀, èmi àti ìyá rẹ a sì gbé àga síta títí ojú ọ̀run á fi pọ́n. Lọ́sẹ̀ tó kọjá mo gun àkàbà láti kó ewé tó dí ojú ọ̀nà omi lórí òrùlé. Aládùúgbò wa tó gbé pátákó ẹni tí n kò ní dìbò fún láéláé síwájú ilé rẹ̀ rí mi, kò sì dúró kí n pe òun. Ó wá fi ẹsẹ̀ kan ti ìdí àkàbà, ó fi ọwọ́ méjèèjì dì í mú, ó ń sọ ibi tí ewé ṣẹ́kù sí fún mi títí mo fi sọ̀kalẹ̀. Mi ò ní tìtorí àkàbà yí ìbò mi padà, òun náà ò sì ní yí tirẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìdìbò bá kásẹ̀ ńlẹ̀, tí àwọn tó wọlé gba ọ́fíìsì lọ, èmi àti òun la ṣì máa jọ wà níbí.

O ní o fẹ́ rìnrìn àjò lásìkò ọlidé. Yẹ ọjọ́ ìdìbò wò kí o tó san owó ọkọ̀. Nígbà tí Faransé dìbò lọ́jọ́ 30 oṣù Kẹfà àti ọjọ́ 7 oṣù Keje ọdún 2024, ọ̀pọ̀ tó ti wéwèé ọlidé ní láti fi ìbò rán ẹlòmíràn, nítorí òfin wọn gbà á. Wádìí ohun tí òfin ibi tí o wà gbà. Yẹ orúkọ rẹ wò nínú ìwé olùdìbò lọ́sẹ̀ yìí, má jẹ́ kó di ọjọ́ tó kẹ́yìn.

Kí o sì pe ẹ̀gbọ́n rẹ lónìí. Bi í pé báwo ni ọmọ tuntun ṣe ń sùn lóru, nítorí ìyàwó rẹ̀ ní kì í sùn. Má dárúkọ olùdíje kankan.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.