Lẹ́tà sí Àǹtí mi tó ń ki aṣọ bọ kọ́mú

Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́ ẹ kà á tán kí ẹ tó bú mi.

Àtìgbà tí wọ́n ti gé ọmú yín òsì ni mo ti ń wò yín, ẹ ò lè lọ ṣọ́ọ̀ṣì láì ká aṣọ ki bọ kọ́mú, tẹ́nì kan bá kanlẹ̀kùn báyìí ẹ ti sáré fi ìró bo àyà, àwa tá a jọ ń gbélé náà ẹ ń sá fún wa.

Obìnrin kan wà ní London nígbà kan, Jo Spence, ayafọ́tò ni. Lọ́dún 1982 jẹjẹrẹ ọmú mú un, dókítà kékeré kan kó àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ wá sídìí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, kò sọ ẹni tóun ń jẹ́, ó kàn bẹ̀rẹ̀ ó fi íǹkì sàmì sókè ọmú ẹ̀, ó ní wọ́n máa gé e. Ṣé kò jọ tiyín, ọjọ́ tí wọ́n yí yín po tí wọ́n ń dà gẹ̀ẹ́sì lé yín lórí, tó jẹ́ Bọ̀dá ni wọ́n ń bi léèrè ọ̀rọ̀ ara yín! Jo ní òun ò gbà, kókó jẹjẹrẹ tó wà nínú ẹ̀ nìkan ni kí wọ́n yọ. Kó tó lọ sílé ìwòsàn gan-an ló ti kọ ọ́ sára ọmú náà pé Jo Spence ló ni ín, ó wá fi àmì ìbéèrè sí i, wọ́n ya fọ́tò ẹ̀. Àmì ìbéèrè yẹn ń pa mí lẹ́rìn-ín, ó tún ń bí mi nínú.

Èkejì ni Audre Lorde, akéwì, aláwọ̀ dúdú ní Amẹ́ríkà, obìnrin tó ń fẹ́ obìnrin (ẹ má gbé fóònù jù sílẹ̀ o, ó pe Yemọja nínú ewì ẹ̀). 1978 ni wọ́n gé ọmú tiẹ̀. Kò gba ọmú àtọwọ́dá, ló bá wọ aṣọ tó dáa lọ sí ọ́fíìsì dókítà, nọ́ọ̀sì ní kó máa fi nǹkan sí i, torí tí kò bá fi sí i, kò dáa fún ọkàn àwọn tó kù níbẹ̀. Ó fi ìbínú ẹ̀ kọ̀wé. Ó ní tá a bá ń fi nǹkan dí i, àwọn tírú ẹ̀ ṣe ò ní lè dá ara wọn mọ̀. Àǹtí, nínú ṣọ́ọ̀ṣì yín yẹn, ṣé ẹ̀yin nìkan ni?

Mi ò ní kí ẹ bọ́ra sílẹ̀ o. Tó bá wù yín, ẹ ki aṣọ yín. Àmọ́ tó bá ku èmi àtẹ̀yin nílé, ẹ bọ́ kọ́mú yẹn, ooru Ìbàdàn ti pọ̀ jù. Màá fi fọ́tò Jo ránṣẹ́ lórí WhatsApp, tí ẹ bá wò ó tán kí ẹ yáa pa á rẹ́, tí Bọ̀dá bá rí i wọ́n á ní mo ń kọ́ yín ní ìkọ́kúkọ̀ọ́.