Lẹ́tà sí èmi tí mo lé ẹja ní Darwin

O kú ewu ọ̀nà. O kú orí omi, o kú òtútù.

Mo mọ̀ pé oorun kò tíì kùn ọ́. Ọkọ̀ ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì. Ife omi orí tábìlì kékeré ẹ̀gbẹ́ ibùsùn rẹ ń rìn díẹ̀díẹ̀ lọ sí etí, ìwọ sì ń nawọ́ dá a padà. Ìrọ̀lẹ́ lẹ ti fi àwọn erékùṣù ńlá Galápagos, tí Ecuador ni, sílẹ̀. Kí ilẹ̀ tó mọ́ dáadáa, ẹ ó ti dé erékùṣù Wolf. Lẹ́yìn náà ẹ ó tún rin bíi kìlómítà 40 sí i lọ sí erékùṣù Darwin, èyí tó wọ àríwá ju gbogbo wọn lọ. Kò sẹ́ni tó ń gbé ibẹ̀, wọn kì í sì í jẹ́ kí àlejò fẹsẹ̀ tẹ ilẹ̀ rẹ̀. Inú omi nìkan ni wọ́n yọ̀ǹda fún yín, kí ẹ mòòkùn wo ekurá àbùùbùtán (whale shark), ẹja tó tóbi jù lọ láyé.

Ohun tí o máa ṣe nínú omi yẹn ní òwúrọ̀ ọ̀túnla ló mú mi jókòó kọ̀wé sí ọ.

Owó ló wà lọ́kàn rẹ, má purọ́ fún mi. Ọdún mẹ́rin lo fi kó o jọ. Ọkọ̀ yìí nìkan gba owó tó lé ní $5,000 lọ́wọ́ rẹ fún ọjọ́ mẹ́jọ, a ò tíì ka owó bàálù mọ́ ọn. O san $20 fún káàdì ìwọlé kí o tó gbéra láti Ecuador orí ilẹ̀, o sì tún ka $200 sílẹ̀ fún ọgbà ẹranko ìjọba nígbà tí o sọ̀ kalẹ̀ ní pápákọ̀ òfurufú Baltra. $100 ni owó yẹn tẹ́lẹ̀. Oṣù kẹjọ 2024 ni wọ́n sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Mo rántí bí o ṣe dúró lórí ìlà tí ò ń ka dọ́là náà lẹ́ẹ̀mejì, kí méjì má baà lẹ̀ mọ́ra wọn.

Ìgbádùn inú ọkọ̀ náà sì dá kún un. Ẹ̀yin mẹ́rìndínlógún péré ni àlejò. Omi gbígbóná ń yọ nínú ilé ìwẹ̀ rẹ ní àárín òkun. Bí o bá ti gun orí ọkọ̀ padà, ẹnì kan á bọ́ bàtà lẹbẹ kúrò lẹ́sẹ̀ rẹ, ẹlòmíràn á da aṣọ ìnura tí wọ́n ti mú gbóná lé ọ léjìká, ife ṣokoléètì gbígbóná á sì ti wà lọ́wọ́ rẹ kí o tó sọ pé òtútù ń mú ọ. Wọ́n á rọ afẹ́fẹ́ sí táǹkì rẹ láìjẹ́ pé o fọwọ́ kàn án. Inú mi dùn sí gbogbo rẹ̀, n kò ní sẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n ń ṣe báyìí fún láti àárọ̀ dalẹ́ lè wá gbà pé ẹja náà wà lára ohun tí òun sanwó fún. Bí o ṣe ń dùbúlẹ̀ yìí, o ti ń rò ó pé ó jẹ ọ́ ní gbèsè.

Báyìí ló ṣe máa rí. Wọ́n á kan ilẹ̀kùn rẹ ní aago mẹ́fà. Bí o bá jáde síta, wàá rí òpó òkúta méjì tó dúró sójú omi níwájú erékùṣù náà. Àwọn ló ṣẹ́ kù lára òkúta tó ta kọ́rọ́ bí ẹnu ọ̀nà, tí gbogbo amòòkùn ayé mọ̀ mọ́ Darwin. Ọjọ́ 17 oṣù karùn-ún 2021 ni orí rẹ̀ wó sínú òkun. Ẹ ó bọ́ sínú ọkọ̀ rọ́bà tí wọ́n ń pè ní panga, ẹ ó ka ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ ó sì fẹ̀yìn já sómi pọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ kò ní dúró lójú omi rárá, torí pé omi ibẹ̀ ń ṣàn kíkankíkan, ẹni tó bá jáfara, á gbé e kọjá àpáta. Ní mítà 18, wàá fi ọwọ́ tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ̀ mọ́ òkúta, ẹsẹ̀ rẹ á sì na sẹ́yìn bí àsíá.

Àwọn ekurá olórí òòlù á ti wà lókè rẹ. Má wulẹ̀ kà wọ́n. Ojú wọn wà ní eteetí orí lọ́tùn-ún àti lósì, wọ́n sì ń lọ ní ọ̀wọ́ọ̀wọ́, gbogbo wọn kọjú síbì kan náà. Ọ̀kan á yà kúrò nínú ọ̀wọ́, á rọra rìn lọ síbi àpáta, á fẹ̀gbẹ́ lélẹ̀ díẹ̀, àwọn ẹja pẹlẹbẹ aláwọ̀ ìyeyè á sì wá ṣa kòkòrò ara rẹ̀ jẹ. Ìfófòó tó ń ti ẹnu wa jáde máa ń dẹ́rù bà wọ́n. Mí tagbáratagbára lẹ́ẹ̀kan péré, wàá rí i tí ọ̀wọ́ náà á là sí méjì.

Lẹ́yìn náà amọ̀nà á fi irin lu táǹkì rẹ̀, á nawọ́ sí apá òsì.

Òkùnkùn ni o máa kọ́kọ́ pè é. Ìgbà tí funfun tótòtó bẹ̀rẹ̀ sí í hàn lára òkùnkùn náà ni wàá mọ̀ pé nǹkan ẹlẹ́mìí ni. Ekurá àbùùbùtán náà ni. Èyí á gùn tó mítà 12, bóyá kó jù bẹ́ẹ̀. Á máa bọ̀ wẹ́rẹ́, ìrù rẹ̀ ń lọ ó ń bọ̀ bí ẹni tí kò ní iṣẹ́ kankan lówùúrọ̀ ọjọ́ yẹn.

Ìwọ á sì já ọwọ́ rẹ kúrò lára àpáta.

Mo ti ronú kan ìṣẹ́jú yẹn ju gbogbo ìyókù ìrìn àjò náà lọ. Kò sẹ́ni tó tì ọ́. Amọ̀nà ti sọ ọ́ ní alẹ́ àná, lórí pátákó, tòun ti àwòrán: ẹ má lé e, ẹ má wẹ̀ lọ síwájú rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. O mi orí pé o gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹja ń kọjá lọ, o sì rí i pé àwòrán tí o yà kò mọ́ tó. Wàá bẹ̀rẹ̀ sí í tapá. Wàá gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, wàá fẹ́ bọ́ síwájú, kámẹ́rà á wà ní iwájú rẹ bí ọ̀kọ̀. Ẹja náà á yí ara padà díẹ̀, á da orí kodò, ìwọ náà á da orí kodò tẹ̀lé e. Kọ̀ǹpútà ọwọ́ rẹ, tó ń sọ bí o ṣe jìn sí, á bẹ̀rẹ̀ sí í ké. O kò ní gbọ́.

Nitrox ló wà nínú táǹkì rẹ, afẹ́fẹ́ tí ọ́síjìn rẹ̀ jẹ́ ìdá 32 nínú 100, kí o lè pẹ́ nísàlẹ̀. Ọ́síjìn kan náà yẹn á di ewu fún ọ bí o bá kọjá nǹkan bíi mítà 33. Ó lè dá gìrì lu èèyàn lábẹ́ omi. Ní mítà 30 pàápàá, ìtẹ̀mọ́lẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ìlọ́po mẹ́rin ti ojú omi, nítorí náà afẹ́fẹ́ tí o ń mí níbẹ̀ ń yára tán ní ìlọ́po mẹ́rin. O mọ gbogbo èyí, o yege nínú ìdánwò rẹ̀. Ọwọ́ amọ̀nà tó di ìdí táǹkì rẹ mú látẹ̀yìn ló máa dá ọ dúró. Bí o bá wo ìsàlẹ̀, ìrù ẹja náà nìkan lo máa rí, ó ń wọ inú aró òkun lọ.

Àwọn méje tó kù nínú ẹgbẹ́ yín ò rí i ju bí ẹní ṣẹ́jú lọ. Ìwọ lo lé e fún wọn.

Nínú panga, amọ̀nà á béèrè iye afẹ́fẹ́ tó kù fún ọ. Báà 35 ló kù lójú aago táǹkì rẹ. Wàá sọ pé 70. Á wo ojú rẹ, á kọ ọ́ sílẹ̀, kò ní sọ nǹkan kan. Amòòkùn jalè, bí ọba ayé kò rí i, tọ̀run ń wò ó. Láti kékeré la ti ń pa òwe yìí, ṣùgbọ́n ọjọ́ yẹn ni mo kọ́kọ́ gbọ́ ọ bí ẹni pé èmi gan-an ni wọ́n pa á fún.

Ṣé o rí màmá ará Jámánì tí yàrá rẹ̀ kọjú sí tìrẹ yẹn? Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́ta ọdún, kò mú kámẹ́rà wá. O ti ń wò ó bí ẹni tí yóò fa yín sẹ́yìn. Nígbà tí o bá jókòó lálẹ́ tí o ń wo àwòrán ìrù náà, òun ló máa wá jókòó tì ọ́. Mo rò pé ó fẹ́ bá mi wí, mo ti ń wá èsì sílẹ̀. Gbogbo ohun tó sọ ni: "Ò ń mí jù."

Ní ọjọ́ kejì, rọ̀ mọ́ àpáta lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí gan-an ni mo fẹ́ kí o mú nínú lẹ́tà yìí. Kà dé mẹ́rin bí o bá ń fa èémí sínú, kà dé mẹ́fà bí o bá ń dá a jáde. Fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá kò ní sí nǹkan. Ẹja ejò kan á yọ orí nínú ihò tó wà nítòsí ìgúnpá rẹ, á la ẹnu, á pa á dé. Ọkàn rẹ á máa sọ pé àkókò ń lọ, owó ń lọ. Jẹ́ kó máa sọ. Àwọn olórí òòlù á sún mọ́ tòsí débi pé wàá rí àpá lára wọn.

Lẹ́yìn náà á dé. N kò lè sọ bóyá ẹyọ tàná ni. Á gba iwájú àpáta kọjá, kò ní ju mítà mẹ́ta sí ojú rẹ lọ, òun ló sì yan ibi tó gbà. Wàá rí àwọn ẹja tó lẹ̀ mọ́ abẹ́ ikùn rẹ̀. Wàá rí ojú rẹ̀, tó kéré púpọ̀ fún irú ara bẹ́ẹ̀, kò tó àtẹ́lẹwọ́ rẹ. Ojú náà á sì yí nínú ihò rẹ̀, á wò ọ́, á máa wò ọ́ títí á fi kọjá. Ara rẹ̀ á gba iwájú rẹ pẹ́ títí, bí ìgbà tí èèyàn dúró de ọkọ̀ ojú irin kó kọjá. Ya àwòrán kan. Ẹgbẹ́ òsì rẹ̀, lẹ́yìn ibi tó fi ń mí, ni kí o yà, torí pé tótòtó ibẹ̀ ni àwọn onímọ̀ fi ń dá wọn mọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan bí ìtẹ̀ka. Ti ọ̀kan kì í jọ ti èkejì. Amọ̀nà á gba àwòrán yẹn lọ́wọ́ rẹ tayọ̀tayọ̀. Kò bi ọ́ léèrè ti ìrù.

Abo ni ọ̀pọ̀ jù lọ nínú àwọn tó ń wá sí Darwin láàárín oṣù kẹfà sí oṣù kọkànlá, àgbà abo tó tóbi. Kò tíì sí ẹni tó fojú rí ibi tí wọ́n ń bímọ sí. Ní 1995, wọ́n pa ọ̀kan ní Taiwan tí nǹkan bí ọmọ 300 wà nínú rẹ̀; lára òun la ti mọ púpọ̀ nínú ohun tí a mọ̀ nípa oyún wọn. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lo lé lọ sísàlẹ̀ nítorí àwòrán.

Má sì rò pé ìwọ nìkan ni wàhálà wọn. Ìjọba Ecuador ti dáàbò bo omi Galápagos láti 1998. Síbẹ̀ ní 2017, wọ́n mú ọkọ̀ Ṣáínà kan níbẹ̀ tí òkú ekurá tó lé ní 6,000 kún inú rẹ̀. Ẹja kò mọ ààlà. Àwọn olórí òòlù ń rìn láti ibí dé omi Costa Rica. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi fi Hermandad kún un ní 2022, òkun tó fẹ̀ tó 60,000 kìlómítà níbùú lóròó, kí ààbò lè wà lójú ọ̀nà wọn. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo kà á.

Ibi yòókù, ìwọ fúnra rẹ á rí i. Ṣùgbọ́n ní Cabo Douglas, ní etí erékùṣù Fernandina, wọ aṣọ rọ́bà kejì lé ti àkọ́kọ́. Omi tútù ńlá kan ń ti ìwọ̀ oòrùn bọ̀ nísàlẹ̀ òkun, ó kọ lu erékùṣù náà, ó sì ru sókè pẹ̀lú oúnjẹ; òun ni pẹńgúìnì fi lè gbé nítòsí ìlà agbedeméjì ayé. Ibẹ̀ ni wàá ti rí àwọn aláǹgbá dúdú ńlá tí wọ́n ń fi èékánná rọ̀ mọ́ òkúta nísàlẹ̀ omi, tí wọ́n ń ya koríko òkun jẹ. Wàá gbọ́ ìró eyín wọn. Òtútù ni kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́. Wọ́n á gòkè lọ yá oòrùn, wọ́n á sì sín iyọ̀ jáde nímú. Nígbà tí Charles Darwin dé erékùṣù wọ̀nyí ní 1835, ó gbé ọ̀kan jù sómi léraléra láti wo ohun tí yóò ṣe. Ibi tó dúró sí náà ni ẹran náà ń padà wá ní gbogbo ìgbà tó bá jù ú. Lónìí, mítà méjì ni òfin ní kí a fi jìnnà sí wọn. Ìwọ á ti rọ̀ mọ́ òkúta nígbà náà, wàá ti máa kà dé mẹ́fà. Ọ̀kan á wẹ̀ wá gba abẹ́ apá rẹ kọjá.

Àwòrán ìrù yẹn ṣì wà lórí fóònù mi. Mi ò tíì pa á rẹ́.

Èmi ni,
ìwọ tó ti sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀.