Ẹ jẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ǹpútà fọwọ́ kan Linux

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ bá wa fi ọ̀rọ̀ yìí tó àwọn olùkọ́ kọ̀ǹpútà ní Yábàá àti Akọkà létí. Linux, ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà, ló ń gbé ọ̀pọ̀ jù lọ server (kọ̀ǹpútà tó ń dá àwọn kọ̀ǹpútà yòókù lóhùn) orí íntánẹ́ẹ̀tì, síbẹ̀ inú ìwé ìdánwò nìkan ni púpọ̀ nínú àwọn tó gboyè ti mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ lórí fáìlì, ìyẹn ẹni tó láyè láti kà á tàbí láti yí i padà, ló ń dùn wá jù. Bí fáìlì bá kọ̀ tí kò ṣí, “chmod 777” ni wọ́n ń sáré tẹ̀. Ìyẹn ti fún gbogbo ẹni tó bá wà lórí ẹ̀rọ náà láyè láti yí i padà! “ls -l” ló yẹ kó ṣáájú, láti mọ ẹni tó ni fáìlì. Kí wọ́n fi “chown” dá a padà fún ẹni tó tọ́ sí, kí wọ́n wá fi “chmod 640” sí i: ẹni tó ni ín á lè kà á, á sì lè kọ sínú rẹ̀, ẹgbẹ́ rẹ̀ á kàn lè kà á, àwọn yòókù ò ní lè ṣí i.

Bí ẹ̀rọ bá sì sọ pé àyè ti tán, tí “df -h”, tó ń fi àyè tó kù hàn, sọ pé àyè ṣì kù, kí wọ́n tẹ “df -i”, tó ń fi iye inode tó kù hàn. Fáìlì kéékèèké lè ti gba gbogbo inode, ìyẹn àkọsílẹ̀ tí fáìlì kọ̀ọ̀kan gbọ́dọ̀ ní.

Ògbólógbòó láptọ́ọ̀pù oní-RAM 4GB àti fláàṣì 8GB tó láti fi Debian, ọ̀kan lára ẹ̀yà Linux, kọ́ wọn. Ẹ fi ìdánwò àfọwọ́ṣe kún un.

Àwa tí à ń tọ́jú server,
Yábàá, Èkó.